Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Mọ Ilé Ná

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀bi tèmi ló ṣáájú nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé òun ni mò ń bá wí.

Tọkọtaya kan wà nínú kọ̀ǹpáǹdì wa. Wọ́n ti fẹ́ra wọn fún ọdún 11, ọmọ ò dé. Wọ́n lọ bá àwọn wẹ́fíà, wọ́n kọ̀wé, àwọn yẹn wá yẹ ilé wọn wò, wọ́n béèrè ìwé owó oṣù, wọ́n ní kí wọ́n máa retí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n mú ọmọkùnrin kan bọ̀ wálé láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ọmọ náà ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ tán, èmi ti pe gbogbo ìyá àdúgbò. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, Yorùbá ò kì í gbọ́ pé ọmọ dé kó jókòó sílé. A se jọ̀lọ́ọ̀fù, a se mọ́ínmọ́ín elewé, a gbé kúlà, a ya wọlé.

Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. A ò mọ bí a ṣe máa kí wọn. "Ẹ kú ewu ọmọ" kọ́, ìyàwó ò rọbí. Ìyá kan ní "ẹ kú oríire", òmíràn ní "Ọlọ́run á wò ó", àfi bí ẹni pé ara ọmọ ò yá. Ní tèmi o, "ẹ kú ọwọ́ lómi" ló yẹ. Ẹni tó bá ń wẹ ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò fẹ́ kí omi kan orí òun, ọwọ́ ẹ̀ wà lómi dé ìgbọ̀nwọ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ láti itan ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn nìyẹn. Kò sunkún. Ẹni tó bá nawọ́ sí i, ó ń bá a lọ. "Anti, Anti" ló ń pe gbogbo wa, Anti náà ló ń pe ìyá tó gbà á. Inú wa dùn, a ní ọmọ yìí ti mojú, ọmọ tó mọ èèyàn ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìyá ọmọ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn fún mi. Nígbà tí a lọ tán, ọmọ náà lọ wọ bàtà rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Ó ń retí èyí tí yóò mú òun lọ nínú wa. Àṣé gbogbo bí a ṣe ń gbé e jó, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ilé mìíràn tún ti kàn. Pẹ̀lú bàtà náà ló sùn. Láàárọ̀, ìyá rẹ̀ bá mọ́ínmọ́ín kan lábẹ́ ìrọ̀rí, tòun ti ewé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ tó bá ti gbé níbi tí ẹnìkan ti ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tí ẹlòmíràn ń fún un lóúnjẹ lálẹ́, tí àwọn méjèèjì tún lè kúrò níbi iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo èèyàn ló jọ ara wọn lójú rẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ lé ẹni gbogbo yẹn kì í ṣe ọ̀yàyà. Kò tíì ní ẹni tirẹ̀ ni. Ọwọ́ tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pọ̀n ọ́n, tó ń bọ́ ọ, tó ń tẹ́ ẹ sùn, ó yẹ kó jẹ́ ọwọ́ kan náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó lè yé e pé àwọn wọ̀nyí ò lọ síbì kankan.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni mo fẹ́ kó wọlé. Rárá o. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwa fúnra wa pè é: ìkómọjáde. Tí a bá ń kó ọmọ jáde, ṣebí inú ilé ló ti wà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìkókó fi ń wà ní yàrá pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kí àwùjọ tó rí i. Kí ló dé tí ọmọ tó rìn wọlé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ò fi ní í ní tirẹ̀? Tirẹ̀ ló yẹ kó tiẹ̀ pẹ́ jù. Ẹ se oúnjẹ, ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ẹ kí wọn, kí ẹ yíjú padà. Mo mọ̀ pé ó le fún wa.

Ìjọba náà ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwé tó jáde ní 2022 fún ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti dúró ti ìyàwó tó bímọ. Ó fún ẹni tó gba ọmọ tọ́ náà, àmọ́ ó di dandan kí ọmọ náà má tíì pé oṣù mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́ta ńkọ́? Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago márùn-ún ìdájí ni bàbá yìí ti jáde kó lè bá Secretariat lásìkò. Ọmọ dúró sí fèrèsé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ti èdè tún wà ńbẹ̀. Haúsá lọmọ náà gbọ́, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Bàbá rẹ̀ kọ́ ìwọ̀nba tó lè kọ́: tó bá fẹ́ fún un lómi, á ní "ruwa", á sì fi "omi" tì í, tó bá pè é, á ní "zo", á sì tún ní "wá". Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọmọ Ìjẹ̀bú ń sọ Haúsá nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó nínú àwọn ọmọ tí a bí fúnra wa ní Lugbe ló ń dá wa lóhùn ní Yorùbá?

Orúkọ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Wọ́n fún un lórúkọ Yorùbá, wọn ò sì gba èyí tó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹ rántí Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní 1848. Ní 1850, ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, gbà á lọ́wọ́ Ọba Ghezo, ó gbé e lọ bá Ọbabìnrin Victoria. Orúkọ ọ̀gákọ̀ yẹn àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọmọ lọ́rùn: Sarah Forbes Bonetta. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́, ó kàwé. Nígbà tó ṣègbéyàwó pẹ̀lú James Davies ní Brighton ní 1862, "Ina" ló ṣáájú Sarah nínú ìwé ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ọdún 12!

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà fi ohùn ránṣẹ́ láti ilé, pé kí wọ́n ṣọ́ra, wọn ò mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ìdílé tiwa tí a mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣé olè ò jáde níbẹ̀ rí ni? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 tí a ń lò ní Àbújá níbí ti sọ ọ́: tí kóòtù bá ti fọwọ́ sí i, ọmọ àgbàtọ́ àti ọmọ tí a bí, ọgbọọgba ni wọ́n, títí kan ogún.

Àmọ́ kí kóòtù tó fọwọ́ sí i ni ẹ̀rù ti máa ń ba òbí. Òfin yẹn ní ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù 3 gbáko, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti fi tó wẹ́fíà létí láti oṣù 12 ṣáájú. Nígbà tí àwa ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Ẹnìkan nínú wa sì ya fọ́tò ọmọ, ó gbé e sórí péèjì yìí gan-an, "ẹ bá wa yọ̀." Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó yọ ọ́. Ẹ má ṣe é mọ́. Ọ̀rọ̀ bí ọmọ yẹn ṣe dé, òun ló ni ín, kó dàgbà kó sọ ọ́ fún ẹni tó bá wù ú.

(Ẹ̀yin ẹbí wa ní London tí ẹ ń béèrè bóyá ẹ lè wá gba ọmọ níbí kí ẹ gbé e lọ: òfin ní olùgbàtọ́ àti ọmọ gbọ́dọ̀ jọ máa gbé ní ìpínlẹ̀ kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì ti dá gbígba ọmọ láti Nàìjíríà dúró láti ọjọ́ 12 oṣù kẹta 2021. Ẹ má kówó fún oníjìbìtì.)

Ní Sátidé tó kọjá mo gbé ẹ̀fọ́ rírò lọ fún wọn. Ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn, ó gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó ní "Ẹ ṣé mà." Mo nawọ́ kí n gbé e. Ó sá lọ di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń wò mí bí àlejò. Inú mi dùn délé.