Jefferson Ti Èbúté Pa, Ebi Pa Ará Ilé

Ṣé ó ṣeé gbọ́ pé ìjọba á ní kí oníṣòwò má tajà mọ́, torí pé ó fẹ́ fìyà jẹ ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀? Ohun tí Thomas Jefferson, Ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe fáwọn èèyàn ẹ̀ lọ́dún 1807 nìyẹn. Ẹ má sì rò pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Lọ́dún 1804 tí wọ́n dìbò yàn án lẹ́ẹ̀kejì, ìpínlẹ̀ méjì péré ló kọ̀ ọ́ nínú mẹ́tàdínlógún.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá Napoleon ilẹ̀ Faransé jagun, kálukú wọn sì ní kí Amẹ́ríkà má tajà fún ọ̀tá òun. Gẹ̀ẹ́sì tún ń dá ọkọ̀ Amẹ́ríkà dúró lójú òkun, wọ́n ń fipá kó atukọ̀ lọ sógun. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn, Leopard, yìnbọn lu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, Chesapeake, nítòsí Virginia. Ọkùnrin mẹ́ta kú, wọ́n sì mú mẹ́rin lọ. Ìlú gbaná, ogun ni wọ́n ń pè.

Jefferson ò fẹ́ ogun, kò sì burú. Ó ti dín owó ọkọ̀ ogun kù kó lè san gbèsè ìlú. Ó wá rò ó pé bí òwú, àlìkámà àti tábà Amẹ́ríkà ò bá dé ọ̀hún mọ́, wọ́n á wá bẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ó fọwọ́ sófin: ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kó ọjà lọ sókè òkun.

Háà! Ọkọ̀ tò sílẹ̀ ní Boston àti New York, ìgbòkun ká. Atukọ̀ jókòó, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ jókòó, àwọn tó ń lọ́ okùn jókòó, aláàárù ò rẹ́rù rù. Àgbẹ̀ kórè àlìkámà, kò rẹ́ni rà á. Ọjà tí wọ́n tà sókè òkun lọ́dún 1807 tó 108 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún 1808, ó já sí 22 mílíọ̀nù.

Ni fàyàwọ́ bá dé. Ní adágún Champlain, wọ́n ń so igi gẹdú pọ̀, wọ́n ń fi kó ẹrù lọ sí Kánádà. Ọ̀gá atukọ̀ tó ní èbúté mìíràn ní Amẹ́ríkà lòun ń lọ á bára ẹ̀ ní West Indies. Tó bá padà dé, á ní ìjì ló gbé òun lọ. Ìjì ọdún náà mọ ibi tọ́jà ti ń tà!

Napoleon tiẹ̀ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní èbúté ẹ̀, ó ní ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó paradà ni, àbí òfin Jefferson kọ́ ló ní kí ti Amẹ́ríkà má jáde? Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn rí ọjà tuntun ní Brazil, tó ṣí èbúté ẹ̀ lóṣù kìíní 1808.

Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ àti lẹ́tà èébú ń rọ́ dé ọ̀dọ̀ Jefferson. Embargo ni wọ́n ń pe òfin náà. Àwọn aláwàdà kà á láti ẹ̀yìn, ó di "O grab me", ìyẹn ni pé ó gbá mi mú.

Èyí tó dunni jù ni pé ọkùnrin yìí ló ti ń wàásù pé kí ìjọba má ni aráàlú lára. Òun náà ló fọwọ́ sófin mìíràn lóṣù kìíní 1809, pé kí kọ́sítọ́ọ̀mù gba ẹrù ẹni tí wọ́n bá fura sí, kí sójà sì tì wọ́n lẹ́yìn. Àwọn tó dá ilé iṣẹ́ òwú sílẹ̀ jèrè ṣá, torí aṣọ òkèèrè wọ́n. Èrè yẹn ò kan atukọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1809, ó fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣí èbúté, àfi sí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, James Madison gbapò. Ogun tí wọ́n ń sá fún ọ̀hún dé lọ́dún 1812.

Bí Jefferson ṣe fẹ́ gbéjọba sílẹ̀, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan pé bí ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣe òun. Ó wá padà sóko ẹ̀ ní Monticello, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹrú ti ń ṣiṣẹ́ fún un.