GST 111: Gírámà Ni Wọ́n Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa, Ta Ló Máa Kọ́ Wọn Bí Wọ́n Ṣe Ń Bá Èèyàn Sọ̀rọ̀?

Kò sí ọmọ tó wọ yunifásítì ní Nàìjíríà tí kò ní jókòó sí kíláàsì GST. Ì báà jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ló lọ kọ́, ì báà jẹ́ òfin, ì báà jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, dandan ni kó ṣe é, dandan sì ni kó yege kí wọ́n tó lè fún un ní ìwé ẹ̀rí. GST 111 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kìíní. Orúkọ tí àjọ NUC, àjọ tó ń mójú tó gbogbo yunifásítì, fún un ni "Communication in English". Ní èdè tiwa, bí a ṣe ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ kó yé ẹlòmíì ni.

Orúkọ náà dáa. Àmọ́ ẹ bi ọmọ yín tó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà kọjá pé kí ló kọ́ níbẹ̀. Á sọ fún yín: ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe, ìró èdè, bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn, bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ. Ẹ wá bi í léèrè pé, "Ṣé wọ́n kọ́ ẹ bó o ṣe máa sọ fún ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́ pé ìṣirò tó ṣe kò tọ̀nà, tí kò fi ní di ìjà?" Ó ṣeé ṣe kó rẹ́rìn-ín, kó ní ìyẹn ò sí nínú sílébọ́ọ̀sì.

Ohun tá a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. A ò bá gírámà jà o. Ẹni tí kò lè kọ lẹ́tà tó já gaara, ìyà máa jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kéèyàn mọ èdè, ọ̀tọ̀ ni. Kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ń fún ìyá àgbà kan ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ka ohun tó wà lára páálí fún un, ó wá ní, "Ṣó yé yín, mà?" Màmá ní, "Ó yé mi, ọmọ mi." Ó parí. Màmá ò fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ẹni tí nǹkan ò tètè yé, ni ò ṣe béèrè nǹkan kan. Nígbà tó délé, ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan ló ń lo oògùn tó yẹ kó máa lò lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá kọ́ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ kò ní bi í bẹ́ẹ̀ yẹn. Ohun tó máa sọ ni pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lo oògùn yìí tẹ́ ẹ bá délé, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa." Ìbéèrè yìí kò dójú ti màmá, síbẹ̀ ó máa fi ohun tí kò yé e hàn. "Teach-back" ni àwọn elétò ìlera ń pe ọgbọ́n yìí. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, wọn kì í bí i mọ́ èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyókù rí. Bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀ láì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ̀kọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá láì bú èèyàn, ẹ̀kọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì láì wá àwáwí, bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn.

Kí wá ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kì í fi í kọ́ni ní nǹkan wọ̀nyí? Àkọ́kọ́ ni èrò. Kíláàsì GST ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kún inú gbọ̀ngàn kan. Olùkọ́ á gbé makirofóònù, á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, á lọ. Tí ìdánwò bá dé, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é: ẹ mú A, B, C tàbí D. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì tó ga jù nínú kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀sì ọ̀rọ̀ sísọ láì la ẹnu ẹ̀ rárá.

Èkejì ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọmọ náà máa bá ṣiṣẹ́, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, tàbí Haúsá, tàbí pijin. Láti ọdún 1973 tí wọ́n ti dá NYSC sílẹ̀ la ti ń kó àwọn ọmọ wa lọ sí ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Kí wọ́n lè gbọ́ra wọn yé pẹ̀lú ẹni tí èdè wọn kò pọ̀ kan wà lára ohun tí ètò náà wà fún. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ti tún wá le sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí wọ́n máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn ni pé ọmọ lè dé yunifásítì láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún ìyá ẹ̀ rí.

Ẹ̀kẹta kàn wá nílé. A máa ń sọ pé ọmọ Yorùbá kò nílò kíláàsì fún ọ̀rọ̀ sísọ, pé ilé la ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ilé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa mọ̀ pé ìkíni àárọ̀ yàtọ̀ sí tọ̀sán, ó mọ̀ pé a kì í pe àgbà ní "ìwọ". Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ìkíni la kọ́ wọn jù, a ò kọ́ wọn ní ìbéèrè. Ọmọ tó bá bi àgbà pé "kí ló dé?", àfojúdi la máa ń pè é. Ọmọ náà á wá dé iwájú olùkọ́, á dákẹ́. Á dé iwájú ọ̀gá, á dákẹ́. Tí inú bá wá kún, ìbínú ló máa fi tú u síta.

Ohun tó ń dunni ni pé èdè wa ní irinṣẹ́ fún un. Àgbà tó bá fẹ́ tako ẹni tó jù ú lọ níbi ìpàdé ẹbí mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: "Mo tọrọ gáfárà," "Ẹ má rí i bí àfojúdi o," "Ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n apá kan wà tí kò yé mi." Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn lórí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ni kò rí ibi tí wọ́n ti lè gbìyànjú rẹ̀ wò, kí wọ́n ṣì í, kí wọ́n tún un ṣe.

Àwọn kan á ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ ṣe é fi ṣèdánwò ni?" Ó ṣe é ṣe. Àwọn oníṣègùn ti fi hàn wá tipẹ́. Ní ọdún 1963, dókítà Howard Barrows ní Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹni tí ara ẹ̀ le kí ó ṣe bí aláìsàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1975, Ronald Harden àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, ilẹ̀ Scotland, kọ ìwé lórí ìdánwò tí wọ́n ń pè ní OSCE. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ láti tábìlì kan sí òmíràn, iṣẹ́ kan ń dúró dè é níbẹ̀, ẹni tó ń wò ó sì ní ìwé máàkì lọ́wọ́. Nàìjíríà níbí náà, àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn mọ OSCE bí ẹni mowó.

Owó ńlá kọ́ ló máa ná wa láti ṣe irú ẹ̀ ní GST. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun, CCMAS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, fún NUC ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá wù ú sí i. Àyè wà níbẹ̀. Kí wọ́n pín èrò inú gbọ̀ngàn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá mẹ́wàá, kí àwọn tó ń kàwé gba másítà máa darí wọn. Kí ẹnì kan ṣe bí onílé, kí ẹnì kejì ṣe bí ayálégbé tó jẹ owó, kí ẹnì kẹta má sọ̀rọ̀ rárá, kó kàn kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Kí wọ́n ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún un ṣe ní èdè àdúgbò. Kí máàkì wà fún un, torí ohun tí kò bá ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í kà á sí. GST 312, tó dá lórí àlàáfíà àti ìparí ìjà, náà lè gba irú ẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń sanwó ilé ẹ̀kọ́, ẹ má dúró de NUC. Tí ọmọ bá wálé fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kó bá yín jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, kó ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ dópin. Ẹ̀yin olùkọ́ GST tẹ́ ẹ ń tẹ́tí sí wa, ẹ pè wá lórí ètò, ẹ sọ fún wa ohun tó ń dí yín lọ́wọ́.