Ọgbà Olúwa àti Àáké Ọwọ́ Wa

Ẹ ka: Gẹ́nẹ́sísì 2:8-15, Deuterónómì 20:19

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìgbà wo ni ẹ jókòó sábẹ́ igi kẹ́yìn, tí kì í ṣe pé ẹ ń dúró de ọkọ̀, tí kì í sì í ṣe pé ẹ ń pàtẹ ọjà, ṣùgbọ́n tí ẹ kàn ń wo iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá, tí ẹ sì ń dúpẹ́?

Ní àìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Akotogbo, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, wá bá mi pé àwọn fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Ìbàdàn, kí àwọn lọ wo àwọn ọgbà tó wà níbẹ̀. Bàbá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Pásítọ̀, igbó wo ni ọmọ Ìkálẹ̀ kò rí rí, tí yóò fi wọkọ̀ kọjá Ore, kí ó tún sanwó kí ó tó wo igi?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rò pé òótọ́ ni Bàbá sọ. Ṣùgbọ́n a lọ.

Ọgbà Agodi ni a kọ́kọ́ dé. Ní 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítòsí àdúgbò tí igi ṣì pọ̀ létí títì. Àwọn tọkọtaya ń jẹun lábẹ́ ibòji, àwọn ọmọdé ń sáré kiri lórí koríko. Láti ibẹ̀ a kọjá sí ọgbà ohun ọ̀gbìn ti Yunifásítì Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin kan, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ti fi ọwọ́ kan igi ńlá kan, tí ó sì bi mí pé igi wo nìyí. Mo ní ìrókò ni. Ó gbójú sókè títí. Ó ní, “Bàbá, mo mọ pákó ìrókò dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ń lagi. Ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó wà lórí ìdúró rí.”

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rín tí a rín nílé parí síbẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ igbó, àárín ìgboro ni ó ti kọ́kọ́ rí ìrókò. Ta ni ó jẹ ọmọ náà ní gbèsè? Àwa bàbá rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú Ìwé Mímọ́. Nígbà tí Olúwa dá ènìyàn, kì í ṣe inú ọjà ni ó kọ́kọ́ fi í sí. Inú ọgbà ni. Ẹ kíyè sí i pé ní ẹsẹ 9, ẹwà igi lójú ni a kọ́kọ́ mẹ́nu kàn kí a tó dé orí oúnjẹ. Ní ẹsẹ 15, iṣẹ́ méjì ni a gbé lé Ádámù lọ́wọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùṣọ́. Ìdajì iṣẹ́ náà ni àwa gbà. A mọ oko í ro, a kò mọ ọgbà á ṣọ́.

Ábúráhámù gbin igi sí Bíáṣébà, ibẹ̀ ni ó sì ti ké pe Olúwa. Ísáákì jáde lọ sí pápá ní àṣálẹ́ láti ṣe àṣàrò. Jésù Olúwa wa pàápàá ní ọgbà kan tí ó máa ń lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Júdásì fi mọ ibi tí yóò ti rí i. Inú ọgbà ni a sin ín sí, inú ọgbà ni ó ti jíǹde, Màríà sì kọ́kọ́ rò pé olùṣọ́gbà ni.

Ẹnìkan lè wí pé, “Pásítọ̀, ṣebí ibùgbé iwin ni ìrókò?” Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa rúbọ sí ìdí igi. Ṣùgbọ́n ta ni ó dá igi? Igi kò ṣẹ̀. Ọkàn tí ó wólẹ̀ fún un ni ó ṣẹ̀. Ẹni tí ó fi àáké lé ẹ̀rù jáde, ẹ̀rù náà yóò bá a délé. Bí Olúwa bá kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti gé igi eléso nígbà ogun, kí ni àwáwí wa nígbà àlàáfíà?

Ẹlòmíràn yóò ní eré olówó ni wíwo ọgbà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1887, ìjọba Èkó dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, wọ́n sì ń pín irúgbìn kòkó àti kọfí níbẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ iye ṣọ́ọ̀ṣì tí owó kòkó kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ọgbà Agodi náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní oṣù August 1980, omíyalé Ògùnpa kọlu Ìbàdàn. Ó gba ẹ̀mí púpọ̀, ó ba ọgbà náà jẹ́, ó sì gbé ẹranko inú rẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí tí àwọn ènìyàn dà sínú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sí ọ̀nà omi wà lára ohun tó fà á. Ó pẹ́ kí ọgbà náà tó padà bọ̀ sípò.

N kò fẹ́ bá ẹlòmíràn wí kí n fi ara mi sílẹ̀. Kí a tó lọ sí Ìbàdàn, onígẹdú kan ti wá wo igi ńlá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Owó tí ó dá lé wọn tó láti parí òrùlé. Ìgbìmọ̀ ti gbà. Ó ku kí n fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí a dé, mo sọ fún wọn pé ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Àwọn kan bínú, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí bí òjò bá ti ṣú, a ṣì ń gbé àga kúrò ní apá òsì. Bàbá tí ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ni ó dìde. Ó ní òun gé igi ju ọgọ́rùn-ún lọ nígbà èwe òun, òun kò sì gbin ẹyọ kan. Òun ni ó kọ́kọ́ mú owó páànù wá. Òrùlé náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n igi méjèèjì ṣì dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá wà nítòsí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ẹ dárúkọ igi fún wọn, kí ẹ sì gbàdúrà níbẹ̀. Bí owó ọkọ̀ kò bá sí, ẹ jókòó sábẹ́ igi tó kù lágbègbè yín. Bí kò bá sì sí èyí tó kù, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ gbìn.

Àdúrà: Olúwa, Ẹlẹ́dàá wa, dárí ìwọra wa jì wá. Kọ́ wa láti ṣọ́ ohun tí o fi lé wa lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ wa lè bá a láàyè. Ní orúkọ Jésù. Àmín.