Ọpọlọ Ẹ̀rọ Eré Tuntun

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn ẹ̀rọ eré tuntun bá kan Òkè-Àdó ní ìlú Ìbàdàn, àríyànjiyàn a bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́. Àwọn kan a máa búra pé ọpọlọ rẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá sí ti àtẹ̀yìnwá. Ìtàn kò gbè wọ́n. Nígbà tí PlayStation 4 Pro jáde ní ọdún 2016, irú ọpọlọ ti ọdún 2013 náà ni ó wà nínú rẹ̀, kí àwọn eré àtijọ́ lè máa ṣiṣẹ́. Eré sísá rẹ̀ nìkan ni ó kúrò ní gígáháàtì 1.6 tí ó di 2.1. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni PlayStation 5 Pro ní ọdún 2024: apá tí ó ń ya àwòrán ni a fẹ̀ jù. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ta ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nítorí àhesọ, ara rẹ̀ ni ó tàn jẹ. Ìròyìn kò tó àfojúbà.