Eré Tí Kò Mówó Wá

Ní kíláàsì èdè Faransé níbí ní Nantes, ọ̀rọ̀ fàájì kì í pẹ́ dé. Wọ́n á ní kí kálukú sọ ohun tó máa ń ṣe bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Awakọ̀ trélà kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Apápá l'Ékòó fèsì pé òun máa ń sùn, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tó ti sun ojú ọ̀nà èbúté Tin Can mọ́jú nítorí àtigbé kọ̀ǹtánà mọ iyì oorun. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò rántí dráàfù tí àwọn awakọ̀ máa ń ta lábẹ́ trélà, tí ariwo rẹ̀ á gba àdúgbò kan. Lójú tirẹ̀, ìyẹn ò tó ohun tí èèyàn ń ròyìn.

Àwọn Faransé a máa ròyìn fàájì tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí kọfí tó tutù, wọ́n á ti bi ọ́ pé: «Tu as fait quoi ce week-end ?» Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, «j'ai joué au foot», bó bá jẹ́ gìtá, «j'ai joué de la guitare», bó bá jẹ́ pé o lọ lúwẹ̀ẹ́, «j'ai fait de la natation». Iye owó oṣù rẹ ni wọn ò jẹ́ béèrè. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ àti ọmọ la kọ́kọ́ ń béèrè.

Òfin ló jẹ́ kí àwọn Faransé lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ní 1936 ni òṣìṣẹ́ Faransé gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 tí owó oṣù ò ní dúró. Ó di ọ̀sẹ̀ 5 ní 1982. Nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ọjọ́ iṣẹ́ 6 lọ́dún ló pọn dandan, oníṣòwò ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó ò sì ní ọ̀gá tí yóò fún un ní ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Àmọ́ fàájì wọn níwèé nínú. Bí Oṣù Kẹsàn-án bá dé, àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ òfin 1901 á pàtẹ tábìlì. Wàá forúkọ sílẹ̀, wàá sanwó ọdún, wọ́n á fún ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ajégúnlẹ̀, bí bọ́ọ̀lù àdúgbò tí à ń pè ní mọ́ńkí póòsì bá ku ẹnì kan, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ni wọ́n á pè. (Ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa tó ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú, tó ń dájọ, tó ń yan aṣọ ẹbí, fàájì gidi ni. Ẹ dán an wò kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀ lójú wọn.)

Àléébù tiwa ni pé eré gbọ́dọ̀ mówó wá. Agbábọ́ọ̀lù Samson Siasia ti Ajégúnlẹ̀ dé Nantes yìí ní 1993, ó sì wà nínú ikọ̀ tó gba líìgì Faransé ní 1995. Olórin Daddy Showkey fi orin gàlálà sọ àdúgbò kan náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọmọ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní Maracana, pápá Ajégúnlẹ̀, báyìí, físà ni wọ́n ń wá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá pé ọdún 25 tí kò tíì rìnrìn àjò, wọ́n á bi í bóyá bọ́ọ̀lù ni yóò jẹ. Níbí, ọkùnrin ẹni 50 ọdún tí kò gbá góòlù wọlé rí láyé ń wọ jẹ́sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń fi yangàn lọ́jọ́ Ajé.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí Maracana jí lò: ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ fún àwọn tí kò ní lọ Yúróòpù, tísà, agbèrò, télọ̀, àti bàbá oníkùn tó ń gbá péńátì sórí òrùlé.