Ìrìn-àjò ìkọ̀kọ̀ kì í pa gbèsè rẹ́



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa òbí, àwa oníṣòwò àti àwọn lẹ́mọ́mù wa jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ọjà àti nínú jámáà. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gba oyè kìíní ní yunifásítì níhìn-ín, tí wọ́n sì ń múra láti lọ gba oyè kejì ní Ìlú Ọba.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ń lọ. Ìwé ìgbaniwọlé dé, wọn a pa á mọ́. Físà jáde, wọn a pa á mọ́. Wọn a fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn a ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ wọn a máa sọ pé àwọn fẹ́ kó lọ sí àdúgbò mìíràn ni. Ìgbà tí ayé yóò fi gbọ́, àwòrán ni a ó rí lórí WhatsApp: ọmọ náà ti wọ ẹ̀wù òtútù ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkejà, ó kọ ọpẹ́ fún Ọlọ́run sábẹ́ rẹ̀. Inú gbogbo wa a dùn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó yí po, ìyá aláṣọ ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá ọmọ náà, alájọ tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ tí ó yá a lówó físà náà dé. Ìyá tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ni yóò wá máa bẹ̀bẹ̀ láàárín ọjà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá ìrìn-àjò jà. Wíwá ìmọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn fún Mùsùlùmí. Ànábì Mùsá gan-an rin ìrìn-àjò gígùn láti lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ẹrúsìn Ọlọ́run kan, bí Àlùkùránì ti sọ fún wa nínú Súrà Kááfì. Ìgbà kan wà tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù ilé ìwé nítorí ẹ̀sìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí ọmọ wa lè kàwé láì sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù. A kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn.

N kò sì bá wọn jà nítorí ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ní ayé ò fẹ́ni fọ́rọ̀, wọ́n ní ètò tí a bá pariwo rẹ̀ kì í jọ. Ó dára. Kò sí ibi tí ẹ̀sìn wa ti ní kí ènìyàn fi ètò rẹ̀ sí etí gbogbo ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ìrìn-àjò ìkọ̀kọ̀ tí ó tóbi jù nínú ìtàn wa.

Ní 622, nígbà tí Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fẹ́ kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, àwọn Kùráẹ́ṣì ti pinnu láti pa á. Òun àti Àbúbàkárì sá pamọ́ sínú ihò àpáta Sáúrì fún òru mẹ́ta. Bí ìkọ̀kọ̀ bá wà láyé, ìyẹn ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Mẹ́kà, títí kan àwọn tí kò gbà á gbọ́, ti fi ohun ìní wọn pamọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́. Ǹjẹ́ ó sọ pé, níwọ̀n bí wọ́n ti fẹ́ pa mí, ohun ìní wọn di tèmi? Rárá. Ó fi Àlí sílẹ̀ lẹ́yìn kí ó dá àmánà olúkúlùkù padà fún un, kí ó tó tẹ̀lé e lọ sí Mẹ̀dínà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ta ni ó tún ní àwáwí ju ìyẹn lọ? Bí idà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò bá gba ẹrù àmánà kúrò lọ́rùn Ànábì, ìbẹ̀rù ayé kò lè gbà á kúrò lọ́rùn tiwa. Ẹni tí ó jẹ wá lẹ́tọ̀ọ́ kí ó mọ̀ pé à ń lọ kì í ṣe "ayé". Olówó wa ni.

Gbogbo wa mọ hádíìsì tí ó wà nínú Bùkárì, nípa òkú tí wọ́n gbé wá síwájú Ànábì tí ó jẹ gbèsè dínárì mẹ́ta tí kò sì fi nǹkan sílẹ̀. Ànábì kò kírun sí i lára títí Àbú Kàtádà fi sọ pé òun gba gbèsè náà sọ́rùn. Dínárì mẹ́ta péré! Àyájọ́ tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì pàápàá, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Nítorí náà, kí ọmọ tí ń lọ mú ìwé kan, kí ó kọ orúkọ olúkúlùkù tí ó jẹ lówó sí i, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò san án. Kí ó lọ bá wọn ní kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún ẹnì kan tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, pẹ̀lú ìwé ìpín ogún rẹ̀. Èyí ni ìròyìn tí ó yẹ kí ó ṣíwájú àwòrán.

Gbèsè kan tún wà tí ó burú ju ti ìyá aláṣọ lọ. Ìjọba Ìlú Ọba ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé owó ẹ̀kọ́ ọdún kìíní àti owó oúnjẹ wà nílẹ̀, kí owó náà sì wà ní àkáǹtì òun tàbí ti òbí rẹ̀ fún ọjọ́ 28 léraléra. Ní January 2025, £1,136 lóṣù ni wọ́n ní kí ẹni tí kì í gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn nígbà náà, fún oṣù mẹ́sàn-án; àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £10,224. Àwọn kan wá sọ èyí di òwò. Wọn a gbé owó sínú àkáǹtì ọmọ náà, ọjọ́ 28 a pé, wọn a gba owó wọn padà pẹ̀lú èlé. Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ bá wa sọ ọ́ síta: ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èlé jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀rí èké jẹ́ èkejì. Bí àṣírí bá sì tú pé ẹnì kan fi ẹ̀tàn wá físà, òfin wọn lè tì í mọ́ta fún ọdún 10.

Ẹlòmíràn a ní, "Bí ó bá ṣáà ti débẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ san án." Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà. Wákàtí 20 ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Ní April 2025, owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà fún ẹni tí ó ti pé ọdún 21 jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ £244.20 lọ́sẹ̀, nǹkan bí £1,058 lóṣù. Kò tó £1,136 tí ìjọba wọn gan-an kà sí owó oúnjẹ àti ilé nígbà náà! Níbo ni owó ẹ̀kọ́ yóò ti yọ? Níbo ni owó elélé yóò ti yọ?

Ọ̀rọ̀ náírà tún ń bẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọ̀dọ̀ ìjọba. Kí February 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ní May 2024 ni a gbọ́ pé Yunifásítì Teesside ní Ìlú Ọba yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kúrò nínú ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò nílùú, nítorí pé owó ẹ̀kọ́ wọn kò pé lásìkò lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìgì pẹ̀lú. A ń rí àwọn tí ń kánjú so yìgì kí ìyàwó tàbí ọkọ lè bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Láti January 2024, Ìlú Ọba kò gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ fún oyè kejì olódún kan tí a ń kọ́ ní kíláàsì láyè láti mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání. Kí lẹ́mọ́mù bi wọ́n léèrè kí ó tó so ó. Kí á má ṣe fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ láìlọ́kọ, kí a sì máa pè é ní abilékọ.

Kí ni kí àwa tí a wà nílé ṣe? Èkínní, ìyá ọmọ, má ṣe fi owó òwò rẹ se sáárà ìdágbére. Màálù kan lè jẹ́ owó oúnjẹ oṣù kan fún ọmọ rẹ lọ́hùn-ún. Èkejì, ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàlátù wa, aṣọ ẹgbẹ́ tí a ń rà lọ́dọọdún ti pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí á ní àpò kan tí a ó máa yá ọmọ jámáà lówó nínú rẹ̀ láìgba èlé, pẹ̀lú onídùúró àti ìwé àdéhùn. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ láti wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kí wọ́n tó wá olówó èlé: ti Chevening ń bẹ, ti Commonwealth ń bẹ, Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù náà ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó fi ọdún kan dúró de irú rẹ̀ kò pẹ́. Ẹ̀kẹrin, kí lẹ́mọ́mù tí a bá pè wá ṣàdúà fún arìnrìn-àjò bi í ní kọ̀rọ̀ pé, "Ọmọ mi, ta ni o jẹ lówó?" kí ó tó tẹ́wọ́ àdúà.

Bí olówó bá mọ̀ pé ọmọ kan ń lọ, tí wọ́n sì ti jọ ṣe àdéhùn, òun náà yóò ṣe àmín. Àdúà olówó ẹni dára lẹ́yìn ẹni ju èébú rẹ̀ lọ. Kí Ọlọ́run Ọba mú àwọn ọmọ wa lọ ire, kí ó mú wọn bọ̀ ire, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí a fi gbèsè ọmọ dójú ti òbí láàárín ọjà. Àmín.