Igi Tiwa, Ìmọ̀ Ta Ni?

Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, yóò rí bí igi gẹdú, kòkó àti kọfí ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ohun inú igbó wa ti ń gba ojú omi lọ báyìí. Ní ọdún 1884 ni àwọn ọba Duala bá àwọn ará Jámánì ṣe àdéhùn. Ní ọdún 1896, Leopold Spiegel, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, yọ oògùn yohimbine jáde láti inú èèpo igi kan tí ó ń hù nínú igbó Kamẹrúùnù. Igi di ti aláwọ̀ dúdú, ìmọ̀ di ti òyìnbó.

Ṣé bí Ọlọ́run ti pín in nìyẹn? Rárá o. Ìgbésí ayé Percy Lavon Julian ni ẹ̀rí wa.

Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ni a ti bí i ní ọdún 1899. Ọmọ-ọmọ ẹrú ni. Nígbà tí ó wọ Yunifásítì DePauw, wọn kò gbà á láyè láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun gbé. Síbẹ̀, òun ni ó gba ipò kìíní láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1920. Nígbà tí ọ̀nà dí fún un nílé, ó sọdá sí Vienna, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1931.

Èso kan wà tí àwọn ará Calabar ń pè ní esere. Ó ń hù ní Kamẹrúùnù pẹ̀lú. Májèlé ni. Láyé àtijọ́, wọn a fún ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ: bí ó bá bì í, ó yè, bí ó bá kú, wọn a ní ó jẹ̀bi. Ní ọdún 1864 ni àwọn ará Yúróòpù yọ agbára inú èso náà jáde, tí a sì wá ń fi í tọ́jú glaucoma, àrùn tí ń fọ́ni lójú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè to oògùn náà pọ̀ láìlo èso rárá. Robert Robinson, àgbà onímọ̀ ní Oxford, wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Julian àti Josef Pikl, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ gbangba pé ibi tí ó bá a dé kò tọ́. Ní ọdún 1935, àwọn méjèèjì to oògùn náà pé, àyẹ̀wò sì dá wọn láre.

Lẹ́yìn èyí, ó lo ẹ̀wà sóyà láti ṣe àwọn oògùn tí owó wọn wọ́n gógó tẹ́lẹ̀, títí kan ti làkúrègbé. Ní ọdún 1950, àwọn ọ̀tá gbìyànjú láti dáná sun ilé rẹ̀ ní Oak Park. Kò sá. Ó wà lẹ́nu ìmọ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1975.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí i. Àwọn baba wa mọ̀ pé esere ń pa ènìyàn. Wọn kò wádìí ohun tí ó fi ń pa á. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kú, ojú afọ́jú kò sì là. Àkọ́sórí nìkan kò lè mú wa kúrò níbẹ̀. Kí ọmọ ilé-ìwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ po oògùn, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè. Ẹ̀yin ìjọba, láti Ìbàdàn dé Douala, ẹ kọ́ yàrá ìwádìí kí ẹ sì kó ohun èlò sí i. Ẹni tí ó ni igi tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, olùṣọ́ oko olóko ni.